Odindi Ọ̀rọ̀ Lórí Zoom

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bí àwọn àgbà ṣe wí nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ìpàdé orí Zoom láyé ìsinsìnyí á rí i pé a ti dojú òwe náà délẹ̀: odindi ọ̀rọ̀ ni olùbánisọ̀rọ̀ gbé wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń bá wa gé e sí àbọ̀.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" À ń gbọ́ yín, sà. "Ṣé ẹ ń rí síláìdì mi?" Ta ni kò ní rí i? Gbogbo ohun tí bàbá fẹ́ sọ ló ti rọ́ sójú kan, lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi bíi pé a ò lọ ilé ìwé. Kí ó tó kà á dé àárín, a ti kà á tán. Kí la ó wá fi àkókò tó kù ṣe? WhatsApp ni. Olùgbọ́ tí wọn ò fi àbọ̀ kankan sílẹ̀ fún, kí ló fẹ́ fi inú rẹ̀ ṣe?

Èrò kò kúkú wọ́n. Ní December 2019, Zoom ní àwọn tó ń wọ ìpàdé òun lójúmọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 lọ. Àrùn kòrónà dé, nígbà tó fi máa di April 2020, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 300. Ẹni tó bá wọ ìpàdé márùn-ún lóòjọ́, ìgbà márùn-ún ni wọ́n kà á. Kò sì sí èyí tí ọkàn rẹ̀ wà nínú márààrún.

Ní 2021, Jeremy Bailenson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, sọ díẹ̀ nínú ohun tó ń mú kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa rẹni: ojú ẹlòmíì súnmọ́ni jù, èèyàn kò lè rìn, ojú ara ẹni lèèyàn sì ń wò ṣáá. Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo gbà á láìjanpata. Ẹ wo alága nígbà tí akapò bá ń ka ìwé ìnáwó. Fìlà rẹ̀ ló ń tún dé, lọ́tùn-ún, lósì.

Àwọn tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ ní kí a máa fa olùgbọ́ mọ́ra. Àwọn tiwa náà ti gbọ́: "Ẹ tẹ 1 bí ẹ bá wà pẹ̀lú mi!" Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Èkó ni. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ní Ojota tẹ 1. Ẹni tó ń ro àmàlà ní Peckham tẹ 1. Ẹni tó wà ní Houston, níbi tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, fojú oorun tẹ 1. Ìka dáhùn, inú ò gbọ́.

Ìyá tó ń pàlọ́ fọ́mọ kì í ní kí wọ́n tẹ nǹkan kan. "Ààlọ́ o!" ló máa ké, á sì dúró. Bí "Ààlọ̀!" kò bá dún, kò níbi í lọ. Ègbè orin rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá sùn, Ìjàpá ò ní dé ibi tó ń rè. Kí wọ́n tó débẹ̀ pàápàá, àlọ́ àpamọ̀ ló ti fi ta wọ́n jí: kí ní ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Ẹ ti dáhùn nínú ara yín. Mi ò sọ ìdáhùn, mi ò sì ní sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ odindi ọ̀rọ̀: Zoom ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí ìpàdé kọjá 40 ìṣẹ́jú. Ó dà bíi pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan rò ó pé ìwọ̀sí ni kí ẹ̀rọ máa pa alága lẹ́nu mọ́. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n yọ lára owó ẹgbẹ́, kí wọ́n fi ra èyí tí kì í gé. Akọ̀wé bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ta kò ó. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Kò kúkú sẹ́ni tó ń gbọ́.