Óòtì Ni Nọ́ọ̀sì Wí, Kò Wí Ọtí

Ará Arámọkọ, ará Ìjerò, ẹ̀yin ará Ẹfọ̀n Alààyè tí ẹ ń gun òkè, ẹ gbé ọmọ odó sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Bàbá àgbà kan ní Arámọkọ ló fà á. Wọ́n lọ yẹ ara wọn wò, ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ máa mu óòtì láràárọ̀." Bàbá ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n délé, wọ́n pe ìyá, wọ́n pe ọmọ, wọ́n pe onílé ọ̀kánkán: "Ẹ wá gbọ́ o! Àwọn oníṣègùn ti fọwọ́ sí i. Ọtí láràárọ̀!" Ọjọ́ kẹta ni àṣìgbọ́ náà tó tú. Ẹmu tó wọ ikùn Bàbá láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, gbogbo ọ̀pẹ àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìsinmi. Nígbà tí wọ́n wá gbé abọ́ óòtì gan-an síwájú wọn, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n bèèrè jẹ́jẹ́ pé: "Ta ló ti jẹ èyí kó tó kàn mí?"

Ẹ má dá Bàbá lẹ́bi. Àwọn àgbà ti to oúnjẹ sípò sípò tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ bá mi wá àyè óòtì níbẹ̀. Ẹ̀yìn gúgúrú ni àbí ẹ̀yìnkùlé? Àgàgà ní Èkìtì tiwa yìí, níbi tá a ti ń pe iyán ní uyán, kí ẹnu lè ti rí róbótó de òkèlè. Ilé tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n á ní odó. Ilé tó bá ní méjèèjì, odó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi han àlejò.

Àlejò ni óòtì, ọkà tí òyìnbó ń pè ní oats. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ń gbìn ín dáadáa, Scotland, Kánádà, Rọ́ṣíà, wọ́n sì ń fi bọ́ ẹṣin níbẹ̀. Ẹ má tíì sá. Ẹni tó ń pọ́n òkè Ẹfọ̀n láràárọ̀, kí ló tún yẹ kó jẹ bí kò ṣe oúnjẹ ẹṣin? Bàbá onífìlà ara agolo óòtì Quaker yẹn, láti 1877 ni àmì rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí kò bá tíì tọ́ uyán àti ẹ̀gúsí wò, kí ni ò ní mú un rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àlejò yìí ń ṣe nínú ara, àwàdà kọ́. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ beta-glucan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín, iṣẹ́ ilá ló ń ṣe: tó bá kan omi, á máa yọ̀, á máa fà. Tó bá dénú ìfun, á di agbèrò: á so mọ́ òróòro, á wọ́ ọ jáde. Ẹ̀dọ̀ á wá fẹ́ ṣe òróòro mìíràn, á nawọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á bu ọ̀rá ibẹ̀ lò. Bí ọ̀rá burúkú ṣe ń dínkù nìyẹn. Ṣúgà tó fẹ́ sáré wọ ẹ̀jẹ̀ á sì máa rọra rìn, bí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn tírélà ní kọ́nà òkè Ẹfọ̀n. Ikùn á tètè yó, ilé ìyàgbẹ́ á sì máa rí yín déédéé. Gíráàmù 3 beta-glucan lójúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rá yẹn, ìyẹn óòtì gbígbẹ bíi gíráàmù 60 sí 80. Ní 1997, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà pé kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí oúnjẹ yòókù kò bá ti lọ́ràá jù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrù gbólóhùn yẹn ni ẹ gé sọnù.

Ará Arámọkọ, ará-mọ-ẹ̀kọ, ẹ̀kọ ló mọ̀, ó sì se óòtì bí ẹ̀kọ. Ó ju horo ṣúgà méje sí i, ó da mílíìkì tútù lé e lórí gbígbóná títí abọ́ fi di ìsun omi Ìkògòsì, ó wá fi àkàrà mẹ́jọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ará Ìjerò, ajẹ-kó-tó-rò, jẹ tiẹ̀ ní aago méje, ó rò ó di aago mẹ́jọ, ó wá rí i pé àdúrà ìṣáájú oúnjẹ lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Aago mẹ́sàn-án, odó ti ń dún. Ará Ẹfọ̀n Alààyè tó fẹ́ wà láàyè títí lọ óòtì kúnná, ó rò ó bí àmàlà, ó pè é ní "uyán óòtì," ó sì fi ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ gbé e mì, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ mẹ́rin. Odó tó wà lẹ́yìn ilé gbọ́ orúkọ yẹn, ó bú sẹ́kún.

Kí ẹ má bàa ní mo ń yọ ara mi sílẹ̀: ọmọ mi fi óòtì ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò lè máa rí i. Oṣù kẹrin rèé. Ara kọ́bọ́ọ̀dù ti yá, tèmi ló kù.

Ìdájọ́ mi kò le. Ẹ fi omi sè é, ẹ dín ṣúgà kù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oúnjẹ àárọ̀, kó má jẹ́ ìpanu kí uyán tó dé. Uyán ò ní bínú tẹ́ ẹ bá bù ú kéré lọ́sàn-án. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká owó óòtì, ẹ̀wà, ilá àti ọkà bàbà ilé wa náà ń ṣe ara lóore. Ẹni tó ń lo oògùn ọ̀rá tàbí àtọ̀gbẹ, kó má torí abọ́ kan ju oògùn nù. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì tún dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, tó bá ti ń dárúkọ ohun tẹ́ ẹ máa mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.