Ẹja Tó Sùn Lódò Lánàá

Bí ẹ bá dé New Bussa tí ebi ń pa yín, ẹ má wá ilé oúnjẹ tó ní gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì jókòó, tí ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun gbé ìwé oúnjẹ gígùn wá síwájú yín, ẹ ní ẹ gbàgbé fóònù sínú ọkọ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ máa lọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹnu mi yìí ti gbé mi dé iwájú Baálé rí nínú agbolé yìí, ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ìlú tó jókòó sẹ́bàá adágún tó gùn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, tí wọ́n wá gbé ẹja Titus fún mi níbẹ̀, ẹja tó bá yìnyín ti òkè òkun wá! Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Àlàájà yàrá ẹ̀yìn ló fa ọ̀rọ̀. Wọ́n gbà á síṣẹ́ ní ilé-ìwádìí ẹja tí ìjọba àpapọ̀ ní lọ́hùn-ún. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ló ti ń yan gàrí, tó ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ojú ogun. Mo ní, "Àlàájà, ibi tí wọ́n ti ń gbowó oṣù nítorí ẹja lẹ ń di gàrí fún ọmọ lọ?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wọlé. Èmi tí mo ti ná ẹja gbígbẹ láàárín Ilọrin àti etí omi yẹn títí eékún fi ń ké, wọn ò bi mí léèrè. Kò burú. Ẹni tí wọn ò bi náà lẹ́nu.

Jẹ́bà ni ẹ ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ẹ ó gun afárá kọjá Odò Ọya, ẹ ó forí lé Mọ́kwá, kí ẹ tó yà sọ́wọ́ òsì. Ní Jẹ́bà, àwọn ọmọge á gbé ẹja dídín sórí àtẹ, wọ́n á sáré bá ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ ẹyọ kan láti fi pa ebi lẹ́nu mọ́. Ẹ má jẹ méjì. Ẹni tó bá yó ní Jẹ́bà ti fi ara rẹ̀ ṣòfò.

Ìlú tí ẹ ń lọ yìí kì í ṣe ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bùsà àtijọ́ wà lábẹ́ omi. Ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìsédò Kainji, nígbà tó fi máa di 1968 omi ti gba gbogbo àfonífojì. Ó tó nǹkan bí 44,000 èèyàn tí ìjọba kó kúrò, tí wọ́n kọ́ ilé tuntun fún. Àwọn òkúta inú odò níbi tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìnàjò, ti bá ikú pàdé ní 1806, omi bo ìyẹn náà. Títí di 1991, Kwara ni wọ́n ń kà wọ́n mọ́, kí ìjọba ológun tó fi gègé kan ṣoṣo gbé wọn sí ìpínlẹ̀ Niger. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa gbọ́ Yorùbá lọ́jà ibẹ̀ bí ẹni pé ẹ ò kúrò nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe ilẹ̀ Borgu tí ìlú náà wà yìí ní ilẹ̀ àjèjì létí mi. Nígbà tí àwọn Nupe lé Aláàfin Onígbogí jáde l'Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá, àwọn ará Borgu, ló sá lọ, oúnjẹ wọn ló jẹ títí ó fi wàjà. Ẹni tó bọ́ ọba wa, ṣé ó máa wá jẹ́ kí ebi pa ọmọ Àlàájà?

Kí n tó dórí oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n yà ní Wawa díẹ̀. Kò jìnnà sí New Bussa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń gbà lọ sínú igbó ẹranko. Ní 1826, Clapperton, òyìnbó ará Scotland, ti Ọ̀yọ́-Ilé dé ibẹ̀, òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander. Opó kan wà nílùú tó ń jẹ́ Zuma, ọmọ Lárúbáwá, olówó, ẹlẹ́rú, ara rẹ̀ sì kún dáadáa. Lander ló kọ́kọ́ wù ú. Ọmọ náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lobìnrin bá kọjú sí ọ̀gá. Ó ní òun ti ṣetán, kí wọ́n pe àlùfáà kó wá so yìgì. Clapperton ò mọ ohun tí yóò sọ, ó forí lé Bùsà. Ẹ gbọ́ o: obìnrin yìí wọ aṣọ iyì, ó ti bàtà awọ pupa bọ ẹsẹ̀, ó gun ẹṣin, ó kó onílù sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé ọkùnrin dé Bùsà! Baálẹ̀ Wawa fòyà. Obìnrin olówó tó bá tún fi òyìnbó ṣe ọkọ lè gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù Clapperton, ó ní àfi kí Zuma padà wálé.

Clapperton kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí dórí bí obìnrin náà ṣe sanra tó, ìwé náà sì jáde ní 1829 lẹ́yìn tó ti kú. Èmi sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kan fún agbolé kan, wọ́n pè mí ní olófòófó. Òun sọ ti opó tó ṣe é lálejò fún gbogbo ayé, wọ́n ní akíkanjú ni.

Ó dáa, oúnjẹ. Monai ni kí ẹ lọ, abúlé àwọn apẹja létí adágún. Ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀. Ẹ tètè jí, torí àwọn tó dẹ àwọ̀n lálẹ́, òwúrọ̀ ni wọ́n ń tú u, kó sì tó di pé oòrùn gun òkè, àwa alájàpá ti kó èyí tó dáa lọ. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tó ń dín ẹja. Ẹ má jókòó ti èyí tó ti dín tirẹ̀ jọ gegere sínú àwo, ẹ ò mọ ọjọ́ tó dín in. Èyí tí agbada rẹ̀ ṣófo, tó ń wo ojú omi, òun lẹ ó dúró tì. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ẹ bá a ṣa ẹja. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń dán, ẹ ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bóyá inú ibẹ̀ ṣì pọ́n. Epìyà ló dáa jù fún dídín. Á là á nínú, á fi iyọ̀ àti ata gígún ra á, á sọ ọ́ sínú òróró ẹ̀pà tó gbóná. Àrọ̀, ọbẹ̀ ni kí ẹ fi jẹ. Ti gíwàn-rúwá, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é, ẹja ńlá tí ọkùnrin méjì máa ń gbé nígbà míì, ẹ ní kí wọ́n gé orí rẹ̀ fún yín. Àwọn kan á ní egungun ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí, ẹ máa fà á mu ní tiyín.

Wọ́n tún ń sá àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan tí kò ju ìka lọ sórí iyanrìn. Lẹ́yìn tí wọ́n sé odò ni wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Inú ọbẹ̀ lúrú ni wọ́n ti dùn, pẹ̀lú túwó ọkà bàbà, àwọn Kambari àti Hausa tó ń tà á nínú ọjà sì mọ̀ ọ́n sè ju ẹnikẹ́ni nínú agbolé yìí lọ. Ìyá Baálé, ẹ má bínú.

Lọ́sàn-án, ẹ lọ bá àwọn obìnrin Fúlàní. Wàrà wọn, ewé bomubómu ni wọ́n fi mú un dì, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù kí wọ́n tó dín in. Ẹ mu fùrá dà nọ́nọ̀ lé e. Bí ikùn yín ò bá mọ nọ́nọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ mu díẹ̀, kí ẹ má wá ní èmi ló rán yín.

Bí àárò oúnjẹ Yorùbá bá wá ń sọ ẹnikẹ́ni lálẹ́, obìnrin kan ń ro àmàlà nítòsí gáréèjì, ẹ ó rí àwọn awakọ̀ tí wọ́n tò síbẹ̀. Wọ́n ní ṣe ló fi ọkọ sílẹ̀ nílé tó gba ibẹ̀ lọ. Kò kàn mí. Mo kàn gbọ́ ni, lẹ́nu ẹni tó mọ àbúrò ọkọ náà. Àmọ́ mo ti jẹ àmàlà yẹn, mo ti jẹ gbẹ̀gìrì rẹ̀, mo sì ti rí ọkọ náà rí. Ọkọ ló pàdánù.

Ẹran ìgbẹ́? Ẹ ṣọ́ra. Ọgbà ẹranko ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà fẹ̀ ju 5,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ẹran tó bá sì ti inú rẹ̀ wá, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni pa á. Bí wọ́n bá gbé e síwájú yín tí wọn ò lè sọ ibi tó ti wá, ẹ ní ẹ ń gbààwẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn olówó máa ń sùn sí ibùdó Oli nínú igbó náà, wọ́n ń wo erinmi nínú odò, wọ́n sì ń jẹun lórí tábìlì. Nísinsìnyí agbébọn ti wọ igbó yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wo kìnnìún, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó bóyá ọ̀nà dáa, kó má tẹ̀ lé ọlọ́kadà tó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Etí omi àti inú ìlú ni kí ẹ ti máa wẹ ọwọ́ jẹun.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, ẹ jọ̀ọ́, kó bá mi ra páálí ẹja yíyan kan ní Monai. Owó wà lọ́wọ́ mi. Kó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó, torí èyí tó bá ṣì rọ̀, ìdin á ti wọ̀ ọ́ kó tó dé Jẹ́bà. Kó má sì kó o gba iwájú yàrá Àlàájà kọjá.