Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Alájẹkì ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí, ẹni tó ń gbé òkèlè mì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀. Wọ́n ní kó rọra, nítorí ohun tó ń gbé mì lè gbé òun náà mì. Ìkìlọ̀ ikú ni. Ní Oré ni mo ti rí ọkùnrin tó sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti yẹ ẹrù tó ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá wò fínnífínní, tí kò sí ẹran nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀run ló ń lọ tààrà, kò tún ní í yà níbì kankan.

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ló yọnu lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Ẹni tí mọ́tò bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Oré kì í febi sùn, iná kì í kú nídìí ìkòkò létí márosẹ̀ Èkó sí Bìní. Mo wọ bukà kan, mo bá ọkùnrin yìí níbẹ̀, rosárì wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Araromi-Obu ló ti ń bọ̀, mọ́tò Àbújá ló ń dúró dè. Orúkọ ìlú rẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi létí. Ìlú tí ara ti rọ èèyàn! Ọjọ́ Ẹtì sì rèé, ọjọ́ tí nǹkan ń tì, ọjọ́ tí Ìjọ Àgùdà ní kí ara má rọ ọmọ Ìjọ rárá.

Ìyá olóúnjẹ bu ẹ̀bà sí abọ́, ó ní, “Ọ̀gá, ẹran mélòó?”

“Háà, Màmá, òní Fìráídè. Kátólíìkì ni mí. Mi ò ní í jẹ ẹran.”

“Ẹ kú ìfọkànsìn. Kí ni kí n wá bù sí i?”

“Ẹ bá mi gbé orí ẹja àrọ̀ yẹn. Ẹ mú abala àárín náà kún un. Ẹ fi ìgbín mẹ́ta sí i.” Ó na ọrùn wo inú ìkòkò. “Ẹ wá fi pọ̀nmọ́ méjì lé e lórí.”

Ìyá gbé ìgbakọ dúró lókè ìkòkò, ọbẹ̀ ń kán tó, tó, tó. “Pọ̀nmọ́ kẹ̀? Ṣé inú odò ni wọ́n ti ń pa á ni?”

“Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran, Màmá. Awọ ni.”

“Òótọ́ ni,” dẹ́rẹ́bà kan dáhùn láti ẹ̀yìn. “Bàtà ni.”

Oré tí wọ́n jagun dé ní 1967, tí a fi ń sọ pé ó le kú, ìjà Oré, pọ̀nmọ́ tún fẹ́ dá òmíràn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní awọ màlúù, màlúù ni. Àwọn kan ní kò ládùn, kò lọ́ràá, nítorí náà ìyà ni, ìyà náà ni wọ́n sì ní kí a jẹ.

Bẹ́ẹ̀ òfin náà kò ṣòro. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, àwọn Kristẹni ìjímìjí sì ti ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwé òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983, láti òfin 1250 dé 1253, sọ pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú ọdún, kì í ṣe ti Lẹ́ǹtì nìkan, ni ọjọ́ ìrònúpìwàdà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 yóò yàgò fún ẹran, àfi tí àjọ̀dún ńlá bá bọ́ sí ọjọ́ náà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti fi oúnjẹ mìíràn, àdúrà tàbí iṣẹ́ àánú rọ́pò rẹ̀. Àwọn ti Amẹ́ríkà tú okùn náà sílẹ̀ fún àwọn ọjọ́ Ẹtì tí kì í ṣe ti Lẹ́ǹtì ní Oṣù Kọkànlá 1966. Àwọn ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí wọ́n ti tú tiwọn tẹ́lẹ̀, tún un so ní Oṣù Kẹsàn-án 2011. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí èèyàn fi ẹja àrọ̀ tẹ́ ara rẹ̀ nífùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹran? Orí ìbéèrè yẹn ni ọmọ aráyé ti ń di lọ́yà. Ní Quebec láyé ọjọ́un, ẹranko onírun kan wà tó mọ omi í wẹ̀, beaver ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kà á mọ́ ẹja. Ní Venezuela, capybara tó ga tó ewúrẹ́ náà di ẹja. Ní 2010, bíṣọ́ọ̀bù àgbà New Orleans kọ̀wé sí ẹnì kan tó bi í léèrè, ó ní ọ̀nì pẹ̀lú wà lára ẹja. Ní Cincinnati ní 1962, Lou Groen, tó ni ṣọ́ọ̀bù McDonald's kan níbẹ̀, rí i pé àwọn oníbàárà Kátólíìkì kì í yọjú lọ́jọ́ Ẹtì, ló bá ki ẹja bọ àárín búrẹ́dì. Láti inú ìsẹ́ra-ẹni ni Filet-O-Fish ti jáde.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Oré ti sùn jù. Ọ̀yà tí wọ́n ń gbé sókè fi han onímọ́tò létí ọ̀nà yìí, ṣebí ìbátan capybara ni? Ṣebí etí àbàtà ló ń gbé? Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù Díósíìsì Oǹdó ní Àkúrẹ́, kí wọ́n di itan ọ̀yà kan mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó mú fúrẹ́jọ̀n wá fún ọjọ́ Ẹtì Ọ̀sẹ̀ Mímọ́: ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí tó fi ń dán, tí ọbẹ̀ ẹja jókòó tì í. Ẹ lọ bi ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò. Aládùúgbò tí kì í ṣe Kátólíìkì pàápàá ti fọ abọ́ dè é. Oúnjẹ ọ̀fọ̀ tí èèyàn ń fi odidi ọdún retí, ọ̀fọ̀ wo nìyẹn?

Ohun tó tiẹ̀ ń ká mi lára ni pé, ta ló ń jẹ ẹran nílé wa gan-an? Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Lọ́jọ́ Ẹtì, baálé fi ẹran sílẹ̀, gbogbo ilé bá a fi í sílẹ̀, orí ẹja sì tún balẹ̀ sí abọ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń dẹ́rù bà láti kékeré pé ẹran jíjẹ ń sọ ọmọdé dolè, omi ọbẹ̀ ló ń lá láti Ọjọ́ Àìkú dé Àbámẹ́ta. Òfin ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 14. Òun ti bẹ̀rẹ̀ kó tó héyín. Alágbàṣe tó fi gàrí àti epo sọ̀sán nínú oko kòkó, tí ẹ bá ní kó má jẹ ẹran lónìí, yóò rò pé ẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àìjẹran tirẹ̀ kò ní rosárì nínú. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí ìfọkànsìn.

Ìyá ṣírò owó. Orí ẹja nìkan gba owó ẹran mẹ́rin. Ọkùnrin Araromi-Obu sanwó láìyọ̀wó, ó ní nítorí Olúwa ni. Ó fa ọtí kan, ó fa èkejì. Òfin kò mẹ́nu ba ọtí. Ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ kó egungun ẹja kúrò níwájú rẹ̀, ó yà sẹ́yìn ìdáná, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa egungun náà mu.

Mọ́tò rẹ̀ kò dé, tiwa kò ṣe. Òórùn ọ̀yà tí wọ́n ń yan ní ìta ń wọlé wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yí rosárì lọ́wọ́, ó yí i bọ̀.

“Màmá, aago mélòó ló lù?”

Ìyá tẹ fóònù rẹ̀. “Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kó lu méjìlá.”

“Ẹ bá mi gé itan kan sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé e wá.”