Kọ́bọ̀ Ju Náírà Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń mú òyìnbó làágùn, kó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀. Gbogbo èrò inú rẹ̀ á dorí kodò sórí fóònù, kò ní sí ẹni tó máa kí ẹnì kejì. Àlejò á rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Àdúrà kọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Wordle lorúkọ eré náà. Josh Wardle, ọmọ ilẹ̀ Wales tó ń gbé ní Brooklyn, ló ṣe é kí òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ lè máa fi najú, kó tó wá gbé e síta fún aráyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ìwé ìròyìn New York Times ti fi owó tí kò dín ní mílíọ̀nù dọ́là kan rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó fi eré ṣẹ̀bùn fún obìnrin ló tún gbowó lé e! Nílé, bí o bá fi eré ṣẹ̀bùn tí o kò gbé àǹkárá dání, ojú rẹ á rí màbo.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré lèèyàn lè dán an wò. Lẹ́tà tó bá bọ́ sáyè rẹ̀ á di gíríìnì, èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà àmọ́ tó ṣìnà á di yẹ́lò, èyí tí kò sí níbẹ̀ rárá á ṣe bí eérú. Bí o bá ti rí i, wàá fi àwọn àwọ̀ náà ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n lè mọ̀ pé orí rẹ pé. Mo bá fi tèmi sórí WhatsApp ẹbí. Kò pẹ́ tí àbúrò màmá mi fi fi ohùn ránṣẹ́ láti Kúta, ìlú Òwu tí kò jìnnà sí Ìwó:

"Àlàbí ọkọ mi, o kú iṣẹ́ o. Táìsì yẹn mà dára! Ṣùgbọ́n má fi aláwọ̀ eérú yẹn sí pálọ̀, kò ní jẹ́ ká mọ̀gbà tó bá dọ̀tí. Ṣé Ìwó lo ń kọ́lé ọ̀hún sí ni, àbí ọ̀dọ̀ wa níbí?"

Mo ní, "Alájà, ẹ jọ̀ọ́, eré ni. Ọ̀rọ̀ ni mò ń wá."

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, má tíì sọ fún wọn. Ó ti yé mi."

Kílẹ̀ tó ṣú, bíríkìlà kan tí n kò mọ̀ rí ti pè mí nítorí ilé tí n kò ní.

Ní Kúta, n kò rí ẹni tó ń dá nìkan wá ọ̀rọ̀ rí. Scrabble, eré tí wọ́n ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ lórí pátákó, ni tiwa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n sì ń ta á, bíi ti ayò gẹ́lẹ́. Èèyàn méjì ló ń ta, èèyàn mẹ́jọ ló ń ṣe ọ̀gá wọn. Bí ẹnì kan bá to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ariwo á ta: "Irọ́! Kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì!" Wọ́n á gbé dísọ́nárì tí èèpo rẹ̀ ti já jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà níbẹ̀, wọ́n á ní dísọ́nárì náà ti gbó jù.

Ọ̀rọ̀ pátákó yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo òkúta lẹ́tà rẹ̀. Q àti Z ló lówó lórí jù, máàkì mẹ́wàá-mẹ́wàá. X mẹ́jọ, V mẹ́rin, C mẹ́ta. Kò sí ọ̀kankan nínú márààrún tó wà nínú ábídí Yorùbá! NAIRA àti KOBO wà lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbà wọlé níbi ìdíje àgbáyé. To NAIRA, máàkì márùn-ún. To KOBO, mẹ́wàá. Ibi kan ṣoṣo tí kọ́bọ̀ ti ń na náírà láyé yìí nìyẹn.

Síbẹ̀ ọmọ wa gba adé. Ní Perth, Ọsirélíà, lọ́dún 2015, Wellington Jighere na Lewis Mackay, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rin sí òdo. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé náà, Buhari tó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà fúnra rẹ̀ sì pè é láti kí i. Ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ tó fi ṣẹ́gun ni FELTY, lẹ́tà márùn-ún, máàkì mẹ́rìndínlógójì. Àwọn ọmọ wa kì í fi gbogbo ìgbà sáré lé ọ̀rọ̀ gígùn. Kúkúrú ni wọ́n fi ń dínà mọ́ni. Ẹ bi àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn ní ìtumọ̀ FELTY, kẹ́ ẹ wá wojú wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Nigel Richards, ọmọ New Zealand, tiẹ̀ tún ga jù. Ọdún 2015 yẹn náà ló gba ife ti èdè Faransé láìgbọ́ Faransé. Ó há ọ̀rọ̀ inú ìwé sórí ni. Ní 2024, ó tún gba ti èdè Sípáníìṣì.

Níbi iṣẹ́ wa, òyìnbó kan máa ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ kó lè yé òun. Lọ́jọ́ kan ó yìn mí, ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dáa. Mo ní tiẹ̀ náà ń gbìyànjú. Nígbà tá a wá jọ ta Scrabble lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó kàn ń wò ni. Kò mọ̀ pé òun jogún Gẹ̀ẹ́sì ni, àwa rà á ni: ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì wa, á jẹgba, á tún sanwó ìtanràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń múra àtiwálé fún Iléyá, bí tíṣà àgbà kan bá pè yín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Kúta pé kẹ́ ẹ wá ta ọwọ́ kan, ẹ jókòó, ẹ gba omi mu, ẹ ta á. Ṣùgbọ́n ẹ má fowó sí i o.