Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Gbọ́ Ọkọ̀ Ojú Irin Nínú Orin

Ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá fẹ́ dún, kó gbé e jáde báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹgbẹ́ kan wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní aṣọ ẹgbẹ́, kì í gba owó ìwọlé, kì í bá ìjọba fa wàhálà, síbẹ̀ ó ti sọ ọ̀pọ̀ baálé ilé di ẹni tí ń ro ọ̀rọ̀ wáyà lóru. Àwọn tí mo ń wí ni àwọn tó ń pàdé ní pálọ̀ ara wọn láti gbọ́ orin Beethoven, Schubert àti Mahler, lórí ẹ̀rọ tó lówó lórí ju mọ́tò tí wọ́n gbé wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n mọ ìwà hù. Bí wọ́n bá ní aago méje, aago méje náà ni (n kò bá ẹnikẹ́ni wí níhìn-ín, àmọ́ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́). Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ bisikíìtì, wọ́n á béèrè àlàáfíà ajá onílé. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ti kan àwo, gbogbo ẹnu á pa mọ́. Kò sẹ́ni tí yóò lẹ owó mọ́ni níwájú orí, kò sẹ́ni tí yóò pariwo pé kí wọ́n gbé e sókè sí i. Àgbàlagbà mẹ́fà á dijú fún ogún ìṣẹ́jú, oorun kọ́ ni wọ́n sì ń sùn, àfi ẹnì kan tí gbogbo wọn ti mọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo mọ̀ kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àga.

Láti ọdún 1958 tí àwo sítẹ́rìò ti gba ìgboro, sípíkà méjì ló ń pín orin láàárín ara wọn, ibì kan ṣoṣo nínú yàrá ni ìpín náà sì ti ń dọ́gba. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń lo sípíkà Quad, èyí tí Peter Walker gbé jáde ní Huntingdon lọ́dún 1957. Kò ní páálí tó ń gbọ̀n níwájú bí sípíkà tiwa. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n nà sáàárín pátákó méjì tó ní ihò, iná mànàmáná tó le ló sì ń mì ín. Ohùn èèyàn máa ń mọ́ gaara nínú rẹ̀ débi pé wàá fẹ́ gbé àga fún olórin náà. Àmọ́ ọ̀kánkán gan-an ló ń kọjú sí. Bí o bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, orin ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà, bí àga bá jẹ́ mẹ́fà, ọ̀kan péré ni àga. Ta ló yẹ kó jókòó síbẹ̀? Nílé tiwa, kò ní sí àríyànjiyàn. Irun funfun ni yóò dá ẹjọ́ náà. Lọ́dọ̀ wọn, onílé ló ń jókòó! Á ní òun kàn fẹ́ yẹ nǹkan kan wò fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú yẹn á di odindi símfónì. Àlejò tó la òjò kọjá láti Croydon á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, dọ́bù-béèsì nìkan ni yóò máa gbọ́, bí ẹni ń gbọ́ ìjà tọkọtaya ilé kejì.

Mo ti dá ẹjọ́ yẹn: kí àga máa yí ká. Beethoven fúnra rẹ̀ ti bá wa pín in. Símfónì kẹsàn-án rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna lọ́dún 1824, apá mẹ́rin ló ní. Kí èèyàn mẹ́rin gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí apá ìkẹyìn, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọrin, jẹ́ ti ẹni tó dàgbà jù. Ẹ sì rántí pé ẹni tó kọ orin náà ti dití nígbà yẹn. Kò béèrè irú wáyà tí wọ́n lò.

Ohun tó tún ń kó ìdààmú bá mi ni ohun tí wọ́n ń gbọ́. Gbọ̀ngàn kan wà ní London nígbà kan rí tó ń jẹ́ Kingsway Hall, ilé ìsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ohùn dùn níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Decca àti EMI fi ń gba orin sínú àwo níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbùkù kan ló ní: ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ọ̀nà Piccadilly ń kọjá nísàlẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń bá orin wọ inú àwo. Ẹlòmíràn á ka èyí sí ìbàjẹ́. Ní tàwọn èèyàn wa yìí, bí ẹ̀rọ wọn bá gbé ìró ọkọ̀ náà jáde, inú wọn á dùn dé ọ̀run. Wọ́n á nàka sókè: “Ẹ gbọ́ ọ? Piccadilly nìyẹn!” Odindi ọ́kẹ́sítírà ń làágùn nítorí rẹ, ọkọ̀ ni ìwọ ń dúró dè. Nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà ni Fela Sowande, olórin ilẹ̀ wa, ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ lẹ́yìn ogun Hitler. Kò ní ṣàì gbọ́ ọkọ̀ yẹn. Dùùrù ló wá tẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wọn, tí ẹ ń pààrọ̀ ẹ̀rọ bí ẹní pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Baba tó wà ní igun yẹn ṣì ń lo Garrard 301, ẹ̀rọ tó ń yí àwo, tí wọ́n ṣe ní Swindon ní àwọn ọdún 1950. Ó mọ ibi tí ojú àwo rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ha, ó sì ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹ̀yin ńkọ́? CD dé lọ́dún 1982, wọ́n ní ìyọnu ti parí. Láìpẹ́, àwọn kan ti ń fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kun etí rẹ̀ kí orin lè dùn sí i. N kò purọ́ mọ́ wọn.

Gbogbo èyí ni mo lè foríjì. Ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò foríjì ni ti ẹni tó dá símfónì dúró lágbede méjì kó lè pààrọ̀ wáyà.

Ẹ gbọ́ ìyà tí àwọn baba wọn jẹ. Láyé àwo àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 78, ojú àwo ńlá kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Símfónì karùn-ún Beethoven lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí náà àwo mẹ́rin ni, tojú tẹ̀yìn. Orin á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọni lára, ẹnì kan á dìde. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo gígùn jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948, tí Decca sì mú un wọ ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1950, ni èèyàn tó lè jókòó fún ogún ìṣẹ́jú kó má dìde. Ọkùnrin kan wá wà lónìí tó jogún ìsinmi yìí lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò gbé abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, á kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ (ẹni tí kì í kúnlẹ̀ gbàdúrà!), á ní: “Ó yá, ẹ fi wáyà kejì gbọ́ ọ.” Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Orin kò ní dé ilé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìtanràn rẹ̀ nìyí: kó pọn tíì fún gbogbo ilé, kó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìdí, kó gbọ́ African Suite tí Sowande kọ lọ́dún 1944, apá márààrún, láìfọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìwọ tí o wà ní London, tí wọ́n bá pè ọ́ ní Sátidé, lọ. Mú bisikíìtì dání. Má ṣe súnmọ́ àga àárín àfi tí wọ́n bá ní kí o jókòó. Tí onílé bá sì dìde, tó bi ọ́ bóyá o gbọ́ ìyàtọ̀, sọ fún un pé o ṣì ń gbọ́ orin lọ́wọ́.