Tíṣà Fẹ́ Kọ́ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

(Búkà kan ni, ní Mọníyà, Ìbàdàn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì Tíṣà wọ báǹkì, lẹ́yìn tí ó ti gbàgbé pé òun ń retí rẹ̀. Tíṣà tẹ́ bébà àwòrán ilé sórí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti fi gbẹ̀gìrì ya àwòrán tiwọn sí. Alámàlà, ìyàwó rẹ̀, ń fọ ìkòkò. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rò pé ìjà ni. Ará àdúgbò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn.)

TÍṢÀ: Ìyá Ìbejì, gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀. Wá wo ilé rẹ.

ALÁMÀLÀ: Bébà ni mò ń wò o, Bàbá Ìbejì.

TÍṢÀ: Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni! Yàrá mẹ́fà, pálọ̀ méjì, báńkóònì níwájú, òpó mẹ́rin ràbàtà-ràbàtà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní tẹ́ṣàn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, á máa béèrè pé ilé ta nìyí.

ALÁMÀLÀ: Láti ọdún 2021 tí rélùwéè Èkó ti ń já wọn sílẹ̀ níbí ni mo ti ń bọ́ wọn. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni bóyá pọ̀ǹmọ́ ṣì kù.

TÍṢÀ: O ò mọ ohun tó ń jẹ́ iyì.

ALÁMÀLÀ: Mo mọ ohun tó ń jẹ́ orúnkún. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dìde lórí àga, ta ni yóò máa gun àtẹ̀gùn? Irin inú dẹ́kìn yẹn nìkan á jẹ owó yín dé egungun. Ilé ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́, yàrá mẹ́ta. Ẹ tiẹ̀ lè ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀: bọ́ìsì-kọ́tà yàrá méjì. Ká kó síbẹ̀, ká yé san owó ilé fún lándílọ́ọ̀dù, ká wá máa kọ́ tiwájú díẹ̀díẹ̀.

TÍṢÀ: Èmi! Nínú bọ́ìsì-kọ́tà! Èmi tí mo kọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ní ìṣirò!

ALÁMÀLÀ: Ẹ wá fi ìṣirò náà ka owó tó wà lọ́wọ́. Ilẹ̀ dà?

TÍṢÀ: Ilẹ̀ ti wà, lọ́nà Ìjàyè. Ọmọ onílẹ̀ tó fẹ́ tà á fún mi, ọmọlúàbí gidi ni. Gbogbo ara ló fi ń dọ̀bálẹ̀.

ALÁMÀLÀ: Kí wọ́n tó gbowó ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá gbẹ́lẹ̀, wọ́n á dé: owó ìpìlẹ̀. Ẹ bá dé òkè fèrèsé, wọ́n á tún dé. Ẹ bá fẹ́ kan páànù, wọ́n á ti jókòó sórí igi òrùlé kí káfíńtà tó dé. Ẹ bi wọ́n ní gbogbo owó yẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ágírímẹ́ńtì. Olórí ẹbí wọn ńkọ́? Ẹ ti rí i?

TÍṢÀ: Ọmọkùnrin náà ní òun ló ń ṣojú ẹbí.

ALÁMÀLÀ: Ikùn ara rẹ̀ ló ń ṣojú. Lórí tábìlì yìí gan-an ni ọmọ ìyá mẹ́ta ti pín owó ilẹ̀ tí bàbá wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti tà. Mò ń bu ọbẹ̀, mò ń gbọ́. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò bá sí níbi títà rẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìpe àwọn àgbà ìdílé, kóòtù ṣì lè tú u ká.

TÍṢÀ: Lọ́yà wo ló sọ ìyẹn fún ọ?

ALÁMÀLÀ: Èyí tó máa ń jẹ ṣàkì méjì.

TÍṢÀ: Sọ̀fé wà ńlẹ̀. Mo rí òǹtẹ̀ lára rẹ̀.

ALÁMÀLÀ: Òǹtẹ̀ ò lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgódi, lọ́dọ̀ Sọ̀féyọ̀ Àgbà, kí wọ́n gbé e lé máàpù wọn, ká mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni. Kí àwọn tó ń rí sí ètò ìlú sì fọwọ́ sí pílàánù kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ X sí àwọn òpó ràbàtà yín. Ẹni tó ń bọ̀ nínú rélùwéè á wá béèrè pé ilé ta nìyí lóòótọ́.

TÍṢÀ: Mo mọ òfin ilẹ̀, Ìyá Ìbejì. Òfin ọdún 1978. Ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà.

ALÁMÀLÀ: Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá fẹ́ kówó fún adọ̀bálẹ̀. Ìgbà wo lẹ lọ wo ilẹ̀ ọ̀hún?

TÍṢÀ: Nínú ọyẹ́. Ó gbẹ, ó tẹ́jú, eruku ń fẹ́.

ALÁMÀLÀ: Nínú ọyẹ́, odò Ògùnpa gan-an ń fà. Ẹ padà lọ nígbà òjò, kí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ wo ara ògiri àwọn aládùúgbò bóyá omi ti fàlà sí i. Ẹ wo ohun tó ń hù níbẹ̀. Ibi tí kókò ti ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín, omi ló ni ibẹ̀, ọmọ onílẹ̀ kàn ń tà á ni.

TÍṢÀ: Omíyalé 31 oṣù kẹjọ 1980 tí gbogbo yín ń pariwo, Ògùnpa ló kún. Àárín ìgboro nìyẹn.

ALÁMÀLÀ: Ti 26 oṣù kẹjọ 2011 ńkọ́? Ṣé Ògùnpa nìkan náà ni? Ó dé Àpẹ̀tẹ̀, ó dé Odò-Ọnà, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún kókò.

TÍṢÀ: Ó dáa, òmíràn wà lórí òkè, owó rẹ̀ ò sì gani lára. Hááfù pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 50. Kànga níwájú, ṣọ́kàwéè lẹ́yìn, ó parí.

ALÁMÀLÀ: Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra tó?

TÍṢÀ: (inú rẹ̀ dùn, ìṣirò dé) Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Jẹ́ ká gbẹ́ wọn sí igun méjì tó jìnnà jù. 50 lọ́nà 50, 2500. Ìlọ́po méjì rẹ̀, 5000. A ó wá gbòǹgbò rẹ̀...

(Ó dákẹ́.)

ALÁMÀLÀ: Gbòǹgbò ọ̀hún dà?

TÍṢÀ: 70 àti díẹ̀.

ALÁMÀLÀ: Kò tó.

TÍṢÀ: Kò tó.

ALÁMÀLÀ: A ó máa mu ohun tí a jẹ ní àná.

TÍṢÀ: Odidi pulọ́ọ̀tì, 50 lọ́nà 100, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 112. Ìyẹn gbà á.

ALÁMÀLÀ: Ṣọ́kàwéè aládùúgbò ńkọ́? Ẹ ti yọjú wo ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀? Ibi tí ilẹ̀ ga ni kí kànga wà, kí ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀, tiwa àti tiẹ̀.

TÍṢÀ: Mo gbọ́. Ó kéré tán, mo ti rí ẹ̀dínwó lórí búlọ́ọ̀kù. Ọkùnrin kan wà lápá Ọjọ́ọ̀ tí ti ínǹṣì mẹ́sàn-án rẹ̀ rọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ.

ALÁMÀLÀ: Mo mọ̀ ọ́n, ibí ló ti ń jẹun ọ̀sán. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, búlọ́ọ̀kù àádọ́ta. Ó ń fi yangàn ni o! Ó ní oore-ọ̀fẹ́ wà lọ́wọ́ òun.

TÍṢÀ: Àádọ́ta? Nínú àpò kìlógíráàmù 50?

ALÁMÀLÀ: Ìyókù, iyanrìn ni àti àdúrà. Ẹni tó bá ń ṣe é bó ṣe yẹ, bí 25 sí 30 ti ínǹṣì mẹ́sàn-án ló ń rí nínú àpò kan. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé ìbàdí, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Bó bá di yẹ̀pẹ̀, ẹ kí olówó rẹ̀ kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ. Kí ẹ sì béèrè bóyá ó ń bomi rin ín. Ọ̀pọ̀ wọn, oòrùn ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ń yan án, wọ́n á gbé e sọ́kọ̀.

TÍṢÀ: Ìyẹn burú, mo lè ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe pé sìmẹ́ǹtì ń gbẹ ni ó ń le. Omi ló ń bá ṣiṣẹ́ tí ó fi ń le. Bí omi bá tètè lọ, iṣẹ́ dúró síbẹ̀. Nítorí náà, omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́.

ALÁMÀLÀ: Ẹ rí i pé ẹ gbọ́n, tí ẹ ò bá rí òpó lójú. Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Ẹ ti wo kúlà tí àwọn kan fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́? Láàárọ̀, ó fúyẹ́. Nírọ̀lẹ́, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń gbé e. Ṣé oúnjẹ ń bímọ ni?

TÍṢÀ: Sìmẹ́ǹtì?

ALÁMÀLÀ: Nínú ọ̀rá, wọ́n dì í nígín-nígín. Ẹ ò tíì gbọ́ ti ọmọ London. Ó ń fowó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láti kọ́lé. Ní gbogbo òpin oṣù, àbúrò á gbé fóònù, á fi ògiri hàn án lórí fídíò. Lóṣù yìí láti ọ̀tún, lóṣù tó ń bọ̀ láti òsì, lóṣù kẹta ó gun orí àga yà á látòkè. Ẹ̀gbọ́n rò pé yàrá mẹ́rin ti dúró. Ògiri kan ṣoṣo ni!

TÍṢÀ: (ó rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀) Èmi ò lọ sí London.

ALÁMÀLÀ: Ẹ ò lọ, ẹ ò sì níṣẹ́ kankan mọ́. Ẹ gbé àga lọ síbẹ̀. Ìṣojú yín ni kí wọ́n ti máa já àpò sìmẹ́ǹtì. Tó bá dalẹ́, ẹ gba àpò òfìfo lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kà á.

TÍṢÀ: Kí n máa ka àpò!

ALÁMÀLÀ: Ẹ ti ka ọmọ ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún. Àpò kì í sá lọ gbá bọ́ọ̀lù.

TÍṢÀ: Irin ni kí o fi lé mi lọ́wọ́. Irin mílímítà 12 kan, bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ mítà 12, á wọ̀n tó kìlógíráàmù 10 àti díẹ̀ sí 11. Tọ́ọ̀nù kan, bí 93 tàbí 94 ni. Bí oníirin bá ka 110 fún mi tó ní òun ṣe mí lóore, kì í ṣe irin 12 ló tà fún mi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

(Alámàlà dákẹ́. Èyí ṣọ̀wọ́n débi pé olóògùn òdìkejì ọ̀nà yọjú wò wọ́n.)

ALÁMÀLÀ: Ta ló sọ ìyẹn fún yín?

TÍṢÀ: Ìṣirò! Ìṣirò tí kì í jẹ ṣàkì! Kọnkéré náà ńkọ́? Sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ó ti wà lórí mi.

ALÁMÀLÀ: Omi mélòó?

TÍṢÀ: Omi... omi tó bá tó.

ALÁMÀLÀ: Tó bá tó ta? Bíríkìlà á fẹ́ kó máa ṣàn kí apá má baà ro ó. Ẹ ti rí àmàlà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ tó dúró nínú àwo rí? Bí wọ́n bá ti gbé rọ́bà omi kejì, ẹ dìde lórí àga yín.

TÍṢÀ: Tó o bá rò ó, àwọn bàbá wa ò yára báyìí. Ilé amọ̀ tí wọ́n bí mi sí ní Ìròkò, wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ó ṣì wà níbẹ̀.

ALÁMÀLÀ: Páànù rẹ̀ ti lọ.

TÍṢÀ: Ògiri ni mò ń sọ! Ògiri wà. Bíríkìlà ìsinsìnyí fẹ́ mọ odidi yàrá láàárín ọjọ́ kan nítorí iṣẹ́ míràn ń dúró dè é.

ALÁMÀLÀ: Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn látàárọ̀. Ẹ kó owó òpó mẹ́rin sínú ìpìlẹ̀, kí ẹ pa ikán kí wọ́n tó da kọnkéré ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí igi òrùlé mu oògùn dáadáa.

TÍṢÀ: Nínú ilẹ̀! Níbi tí ẹnì kankan ò ti ní rí i!

ALÁMÀLÀ: Ikán á rí i.

TÍṢÀ: Òpó méjì péré. Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ ọ́. Méjì.

ALÁMÀLÀ: Ẹ kọ́ bọ́ìsì-kọ́tà tán ná, ká kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀.

TÍṢÀ: Ta la ó gbé iṣẹ́ fún? Èyí tó rọ̀ jù nínú àwọn bíríkìlà, tàbí èyí tó gbówó lórí?

ALÁMÀLÀ: Èyí tó jẹ mí ní gbèsè àwo mọ́kànlá. Mo ti lọ wo ilé méjì tó kọ́, mo bá àwọn tó ń gbé inú wọn sọ̀rọ̀, ògiri ò sán. Kò sì níbòmíràn tó ti lè jẹun àwìn ní gbogbo Mọníyà. Tó bá mú àpò sìmẹ́ǹtì kan, ebi ni.

TÍṢÀ: Bó bá wá san gbèsè rẹ̀ tán ńkọ́?

ALÁMÀLÀ: Kò ní san án tán. Láti ọ̀la lọ, ẹran mẹ́ta ni mò ń bù fún un.