Ta Ni Yóò Dáwó fún Tíṣà?

Nínú ayé tí Kohei Horikoshi yà sínú ìwé, bí ẹ bá kó 100 ènìyàn jọ, 80 nínú wọn ni wọ́n bí agbára àrà mọ́. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ ẹnìkan ń bú gbàmù, ọ̀kan ń fi ọ̀tún yọ yìnyín tó sì ń fi òsì yọ iná, ẹlòmíràn ń hu ìrù. Àwọn 20 tó kù kò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ará, àárín àwọn 20 yẹn ni mo wà, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí dé egungun.

My Hero Academia lorúkọ máńgà náà. Inú ìwé ìròyìn Weekly Shōnen Jump ní Jàpáànù ló ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje ọdún 2014, kò sì parí títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2024: orí 430, ìdìpọ̀ 42. Àwọn ọmọ mi ló kó o wọlé. Èmi ni mo ń ra dátà tí wọ́n fi ń kà á. Mo ní kí n yẹ ohun tó ń jẹ owó mi wò, bí èmi náà ṣe kó sí i nìyẹn. Àgbàlagbà bíi tèmi, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fi ń bo fóònù kí ìyàwó mi má baà rí ohun tí mò ń kà!

Ohun tó mú mi ni ọmọ kan tó ń jẹ́ Izuku Midoriya. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Agbára gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde, tirẹ̀ kò jáde. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní oríkèé méjì ló wà nínú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù. Oríkèé kan ṣoṣo làwọn alágbára máa ń ní. Ó parí. Ọmọ délé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo fídíò All Might, akọni tí gbogbo ayé ń kókìkí, tó ń fi ẹ̀rín yọ ènìyàn nínú jàǹbá. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá òun náà lè dà bẹ́ẹ̀. Ìyá kò rí èsì fọ̀. Ó dì mọ́ ọmọ, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Mo ka ibẹ̀ tán, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo fọwọ́ tẹ ìka ẹsẹ̀ tèmi wò. Méjì ni!

"Dádì, kí lẹ ń wá lẹ́sẹ̀?"

Mo ní jìgá ni.

Mo rò pé ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wa ti dé nìyẹn. Irọ́ ni! Ibi tí mo ti ń múra láti bá a sunkún ni All Might fúnra rẹ̀ ti yọ sí i nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó jogún agbára òun. Ó ní kó lọ fi oṣù mẹ́wàá kó pàǹtírí kúrò létí òkun kí ara rẹ̀ lè gbà á. Nígbà tí ọmọ ṣe tán, All Might fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, ó ní kí ọmọ gbé e mì. Ẹ dákun, ẹ tún un rò. Ọkùnrin gìrìwò, ìdájí, etí òkun, irun, ọmọ ọlọ́mọ. Ládùúgbò tiwa, kí irun yẹn tó kọjá ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á ti so All Might mọ́ òpó iná.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó so ó. Ọmọ gbé irun mì, ó di alágbára, ó sì fi àwa 20 sílẹ̀ níbi tó ti bá wa.

Ǹ bá ti jù ú nù bí kò bá ṣe ìdánwò àtiwọ U.A., ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akọni. 300 ènìyàn ló ń du àyè kan. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń fọ́ gba máàkì, èyí tó tóbi bí ilé alájà kò sì ní máàkì kankan nínú. Midoriya kò tíì rí ẹyọ kan nígbà tí òkúta há ọmọbìnrin kan, Uraraka, mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà àràbà yẹn. Gbogbo ènìyàn sá. Òun fò sókè, ó fún rọ́bọ́ọ̀tì náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán, ọwọ́ kan kán mọ́ ọn. Òdo ló gbà nínú ìjà. Àṣé àwọn olùdánwò ń wo ẹni tó ń gba ẹlòmíràn là lábẹ́lẹ̀: 60 ni wọ́n fún un! Mo ti ń máàkì ìwé tipẹ́, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ní ká kọ máàkì ọmọ tó yá ẹlòmíràn ní báírò sí.

Ohun tó tún ń dá mi dúró síbẹ̀ ni pé kò sí agbára tí kò ní wàhálà tirẹ̀. Nínú kíláàsì Midoriya, Aoyama ń fi ìdodo yọ ìtànṣán, bó bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, inú rírun dé. Uraraka ń mú nǹkan fò, èébì ló ń bá a parí. Kaminari ń tu iná mànàmáná, bó bá ti lò ó jù, á ya dìndìnrìn fúngbà díẹ̀. Ojú tí èmi náà máa ń yọ ní ọjọ́ kẹta owó oṣù.

Tíṣà wọn, Aizawa, inú àpò ìsùn ló ń sùn sí ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó fún un ní kúẹ́rì. Èmi tí mo tòògbé díẹ̀ ńkọ́? Ẹranko ni ọ̀gá ilé-ìwé wọn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá eku ni, ajá ni, tàbí béárì. N kò sọ nǹkan kan o. Mo ní ọ̀gá tèmi.

Ṣùgbọ́n orí 430 ló pa mí. Ogun tí wọ́n bá àwọn ọ̀daràn jà ti parí, agbára ti tán lára Midoriya. Ọdún mẹ́jọ kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di akọni, òun sì di tíṣà ní U.A. Ọmọ mi obìnrin bú sẹ́kún.

"Dádì, ẹ wò ó! Gbogbo ìyà yìí, tíṣà ló padà wá dà!"

Lójú mi o! Èmi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ra fóònù tó fi ń kà á!

Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ náà. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ṣe aṣọ ìjà kan tí yóò sọ ọ́ di akọni padà, All Might ló gbé e wá fún un. Mo ti kọ́ dókítà, mo ti kọ́ lọ́yà, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù nínú wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n sì fi mí sí i. Àná ni mo fi àwòrán aṣọ yẹn síbẹ̀, n kò kọ nǹkan kan sí i. Ẹnìkan fi àtàǹpàkò dáhùn. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Mo ti fi nọ́ńbà àkáǹtì mi tẹ̀lé e, bóyá àwòrán yẹn ni kò yé wọn.